Ojú Tí Mo Fi Sínú Tròtrò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, mi ò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni wọ iṣẹ́ wáyà mọ́tò. Epo dúdú kì í tán ní èékánná. Ẹ̀yìn a máa dun ni, orúnkún a sì máa ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Àmọ́ tí o bá jẹ́ irú ọmọ tí kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ àyàfi tó bá fojú ara rẹ̀ rí i, súnmọ́ mi díẹ̀. Ìfura gan-an ni iṣẹ́ yìí. Wáyà àti sípánà kàn jẹ́ irinṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ràfátù lorúkọ mi, àwọn awakọ̀ ń pè mí ní Màmá Wáyà. Nima níbí ni wọ́n bí mi sí, ní Accra. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, abọ́ tánganran ló ń tà. Ọmọ Yorùbá ni màmá mi náà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ yìí ni wọ́n bí i sí, ó sì níwèé. Mo ṣì kéré nígbà tí ìjọba ìgbà náà ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé máa lọ sílé wọn. Àwọn tó wá mú bàbá mi kò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tààrà ni wọ́n wọ agbo ilé wa, wọ́n fi gbogbo ilẹ̀kùn yòókù sílẹ̀, wọ́n kan tiwa. Ta ló júwe wa? Títí màmá mi fi kú, kò mọ̀. Ó ń kí gbogbo aládùúgbò, ó ń bá wọn jẹ, ó ń bá wọn mu, ó sì ń fura sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bàbá mi kò padà wá mọ́. Ọmú ìfura ni mo mu dàgbà.

Màmá mi ló fà mí lọ́wọ́ lọ sí Abossey Okai, ọjà àwọn oníṣẹ́ mọ́tò, lọ́dọ̀ ọkùnrin Fante kan tó ti máa ń ra abọ́ lọ́wọ́ bàbá mi. Másítà Àtò là ń pè é. Àwọn tó ń ta pààtì mọ́tò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín: ọmọbìnrin, lábẹ́ mọ́tò? Másítà kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Tinrín ni. Yóò wọ ibi tí tèmi kò lè wọ̀." Bó ṣe gbà mí nìyẹn.

Ní Nàìjíríà, wọ́n ń pe àwa oníwáyà ní rìwáyà. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n pè é, ẹ̀kọ́ rẹ̀ le. Másítà kì í na ọmọ, ṣùgbọ́n ó ní gbólóhùn kan tí kì í fẹ́ gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: "Wọ́n ní." Tí o bá sọ pé, "Másítà, wọ́n ní fíúsì ló jó," yóò gbé ohun tó ń ṣe sílẹ̀, yóò ní, "Ta ni 'wọ́n'? Abẹ́ mọ́tò wo ni 'wọ́n' dùbúlẹ̀ sí?"

Lọ́jọ́ kan awakọ̀ kan gbé tròtrò rẹ̀, bọ́ọ̀sì akérò tiwa níbí, wá, iná ẹ̀yìn kò tàn. Ó ní gílóòbù ló ti kú. Mo gbà á gbọ́, mo fi gílóòbù tuntun sí i, kò tàn. Másítà ní kí n pa ojú mi dé. Ó fi ìka mi lé wáyà ní ẹsẹ̀ bátìrì, ó ní kí n máa tọ̀ ọ́ lọ títí dé ìdí mọ́tò, láìla ojú. Tí ìka mi bá ti yẹ̀ kúrò lórí wáyà náà, a ó tún padà sí ìdí bátìrì. Oòrùn yí orí, mo ń rákò. Nígbà tí mo dé abẹ́ síìtì tó kẹ́yìn, ìka mi kan ibi tó rí ṣákaṣàka. Eku ló ti jẹ ẹ́.

Mo ní, "Awakọ̀ yẹn parọ́ fún mi."

Másítà ní, "Kò parọ́. Kò mọ̀ ni. Ẹni tí kò mọ̀ tó sì ń sọ̀rọ̀ léwu ju òpùrọ́ lọ, torí òpùrọ́ ṣì mọ ibi tí òótọ́ wà."

Ìlànà rẹ̀ kejì ni pé wáyà tí ẹlòmíràn bá so, o kò gbọdọ̀ so tìrẹ mọ́ ọn láìjẹ́ pé o kọ́kọ́ tú u wò. Ìkẹta, tí o bá so ó tán, fà á. Tó bá já, o kò tíì so ó. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo mọ̀ ni ìbá gbé ayé ìrọ̀rùn ká ní wọ́n ń fa nǹkan wò.

Mo gba òmìnira, mo la ṣọ́ọ̀bù tèmi ní ẹ̀yìn tirẹ̀, mo sì kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ owó dà yín láàmú. Mo jẹun, mo tọ́ ọmọ. Ohun tó yí padà jù ni irinṣẹ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, gílóòbù kékeré kan tí a so wáyà méjì mọ́ la fi ń wá iná kiri. Tó bá tàn, iná wà. Tí kò bá tàn, iná kò sí. Kò mọ irọ́ pa. Lẹ́yìn náà ni mítà dé, tó ń sọ iye iná. Lẹ́yìn mítà, mọ́tò tó ní kọ̀ǹpútà nínú dé, tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ bọ ìdí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ rẹ̀ kó tó sọ ohun tó ń ṣe é. Másítà ti kú nígbà yẹn. Mo máa ń rò ó pé kí ni ìbá sọ. Ẹ̀rọ a ní, "Sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́," èmi a sì máa gbọ́ ohùn Másítà létí mi: ta ni "wọ́n"?

Mo ti ń ronú àtisinmi nígbà tí Àmínà dé pẹ̀lú àpótí kékeré.

Àmínà ni ọmọ àbúrò mi ọkùnrin. Darkuman ni wọ́n ń gbé. Ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá, Twi ni yóò fi parí. Ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń kọ áàpù sórí fóònù. Òun àti alága ibùdókọ̀ Nima ni wọ́n jọ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ náà. Àpótí tó mú dání kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ.

"Àǹtí, tí a bá fi èyí sínú tròtrò, yóò máa sọ ibi tó wà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Èèyàn á wà nílé, á wo fóònù rẹ̀, á mọ̀ pé mọ́tò òun ń bọ̀."

Mo ní, "Ó dáa. Ta ni yóò máa sọ ọ́ fún?"

"Gbogbo èèyàn. Ó ṣí sílẹ̀. Kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ wa nìkan o. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ áàpù kọ lè mú un, kó fi ṣe tiẹ̀."

"Ẹnikẹ́ni?"

"Ẹnikẹ́ni, Àǹtí. Ohun tó dáa níbẹ̀ gan-an nìyẹn."

Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi ní tèmi, ọ̀rọ̀ "ẹnikẹ́ni" yẹn rìn mí lára bí eèrùn. Mo rántí ilẹ̀kùn wa, nínú gbogbo ilẹ̀kùn agbo ilé yẹn. Àmọ́ alága ní ẹgbẹ́ awakọ̀ ti gbà, ohun kan ló kù: àwọn awakọ̀ ní àwọn kò ní jẹ́ kí àjèjì fọwọ́ kan wáyà àwọn, àyàfi Màmá Wáyà. Ẹ rí i bí wọ́n ṣe ń mú èèyàn? Orúkọ mi ni wọ́n fẹ́ fi ra ọkàn àwọn èèyàn yẹn.

Mo bi Àmínà ní ìbéèrè títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀, kò bínú. Nígbà tó yá, mo ṣe é. Mo fi àpótí náà sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tròtrò kọ̀ọ̀kan, mo fi fíúsì tirẹ̀ sí i, mo so ó, mo fà á.

Mi ò lè purọ́ mọ́ nǹkan, ó kọ́kọ́ dára. Obìnrin kan tó ń ta wáákyé, ìrẹsì tí a sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, nítòsí ibùdókọ̀ sọ fún mi pé òun kì í dúró sínú oòrùn pẹ̀lú ẹrù lórí mọ́. Òun á jókòó títí mọ́tò yóò fi kù díẹ̀ kó dé. Àmínà ṣí fóònù rẹ̀ hàn mí: àmì kéékèèké ń rìn lórí àwòrán ìlú bí eèrà lórí ṣúgà.

Mo ní, "Èwo ni ti Yàkúbù?" Awakọ̀ ni Yàkúbù, ọmọ Zongo Nima, èèyàn jẹ́jẹ́, láti ìgbà tó ti ń ṣe méètì, ọmọ tó ń gba owó ọkọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn tròtrò, ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Àmínà tẹ ọ̀kan. "Òun rèé. Ó wà ní Darkuman, ó dúró."

"Kí ló ń ṣe ní Darkuman láàárín ọ̀sán?"

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó mọ̀. Àmínà wò mí, èmi náà wo ara mi. Kí ló kàn mí? Èmi tí mo kórìíra ojú tó ń ṣọ́ni, kò gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹlòmíràn. Àtọjọ́ náà ni ẹ̀rù ohun náà ti bà mí ní tòótọ́.

Kò pẹ́ tí áàpù mìíràn fi jáde. Kì í ṣe Àmínà ló kọ ọ́, kò sì mọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹni náà kò jí nǹkan kan; ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ó wọlé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èrò ọkọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, àwọn tó ni mọ́tò ni. Ó ń sọ mọ́tò tó dúró, ibi tó dúró sí àti bó ti pẹ́ tó. Ọkùnrin tó ni tròtrò tí Yàkúbù ń wà gbé e sórí fóònù rẹ̀. Láti ìgbà náà, fóònù Yàkúbù kò sinmi mọ́. "Kí ló dá ẹ dúró? Kí lò ń ṣe níbẹ̀? Ta lò ń dúró dè?" Àwọn awakọ̀ yòókù sọ ọ́ fún mi. Mo ní kí Àmínà bá wọn dá a dúró. Ó ní òun kò lágbára lórí ohun tí ẹlòmíràn kọ. Ojú rẹ̀ kò dùn nígbà tó sọ ọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni iná jó. Tròtrò Yàkúbù kún dẹ́nu, ó ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà Kaneshie, nígbà tí èéfín jáde lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kó tó rí ẹ̀gbẹ́ títì dúró sí, iná ti sọ. Àwọn èèyàn gba ojú fèrèsé bọ́ sílẹ̀. Obìnrin kan dá lẹ́sẹ̀. Méètì Yàkúbù tó ń ran ìyá arúgbó kan lọ́wọ́ láti sọ̀kalẹ̀ jóná lápá. Ẹnikẹ́ni kò kú, a dúpẹ́. Àwọn ọlọ́ṣọ́ọ̀bù etí títì ló fi iyanrìn pa iná náà.

Kí ìròyìn náà tó dé Abossey Okai, ó ti ní orúkọ mi lára. "Àpótí Anago yẹn ló gbiná." Ẹ gbọ́ mi dáadáa: gbogbo ọdún tí mo ti ń bá wọn tún mọ́tò ṣe, Màmá Wáyà ni mí. Ọjọ́ tí iná jó, mo di Anago, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbí. Àwọn awakọ̀ tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi kò yà mọ́. Alága fi ohùn tútù pè mí, ó ní ìpàdé wà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí n wá sọ tẹnu mi.

Mo lọ wo mọ́tò náà níbi tí wọ́n wọ́ ọ sí. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo tú dáṣíbọ́ọ̀dù tó ti jó náà, mo fi ìka tọ wáyà láti orísun rẹ̀. Ìso mi wà níbẹ̀, fíúsì mi wà níbẹ̀, kò jó. Ṣùgbọ́n wáyà tó jáde láti ara fíúsì náà ni ẹnì kan ti gé. Ó ti fa òmíràn láti ibòmíràn, ó fi ọwọ́ lọ́ ọ pọ̀, ó fi láílọ́ọ̀nù wé e. Iná kò gba ara fíúsì kọjá mọ́. Láílọ́ọ̀nù náà ti yọ́ mọ́ irin.

Ta ló ṣe é? Mo fura sí oníwáyà kan tó ń jowú mi. Mo fura sí ẹni tó ni mọ́tò. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi, mo fura sí Àmínà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ìfura bá ti wọlé, kì í béèrè ẹni tó jẹ́ ẹbí. Mo wá lọ sí ilé Yàkúbù ní Nima. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Bó ṣe rí mi ló dìde, kò lè wo ojú mi. Èdè Hausa la fi sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Yàkúbù, ta ló fọwọ́ kan wáyà mi?"

Ó ní, "Èmi ni, Màmá."

"Kí ló dé?"

"Oorun ni. Mo máa ń jí kí wọ́n tó pe ìrun àsùbá. Tí oòrùn bá ti kàn mí lórí, ojú mi á máa pa dé lórí títì. Igi kan wà ní Darkuman tí mo máa ń páàkì sábẹ́ rẹ̀, kí n sùn díẹ̀, kí n má bàa pa ọmọ ọlọ́mọ. Láti ìgbà tí àpótí yẹn ti dé, mi ò lè sùn mọ́. Fóònù á dún. Mo wá ń gé e tí mo bá fẹ́ sùn, mo ń so ó padà tí mo bá jí. Wáyà náà kúrú nígbà tó yá, mo fa òmíràn."

Mo jókòó sórí àpótí náà fúnra mi. Ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ má sọ ọ́. Tó bá mọ̀, yóò gba mọ́tò lọ́wọ́ mi."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ni ó fẹ́ kí n fi bo tirẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo ni mo sì ní ní ìlú yìí. Mo ní, "Mi ò ní dárúkọ rẹ. Ìwọ fúnra rẹ ni yóò sọ ọ́ ní Jímọ̀. Tí o kò bá sọ ọ́, èmi náà ní ẹnu." Mo dìde, mo lọ. Mi ò mọ̀ bóyá yóò wá.

Ibùdókọ̀ kún lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ni mọ́tò wà níwájú, ó wọ aṣọ funfun. Àmínà dúró sẹ́yìn. Alága ní kí n sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹnì kan gé wáyà mi, ó sì so ó láìfi fíúsì sí i. Ẹni náà wà níbí. Mo fi àyè sílẹ̀ fún un." Mo jókòó.

Mo ń wo Yàkúbù, Yàkúbù ń wo ilẹ̀. Mo ti ń múra àtidìde padà nígbà tó na ọwọ́ sókè. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ fún mi, títí dórí igi Darkuman. Ẹni tó ni mọ́tò fò dìde: "Ẹ gbọ́ o! Olè! Àkókò mi ló ń jí!"

Yàkúbù ní, "Oorun ni mo jí, Ọ̀gá. Oorun ara mi."

Awakọ̀ àgbà kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ alága wá wú ikọ́. Ó ní, "Èmi náà ti gé tèmi." Òmíràn ní, "Èmi náà." Kí a tó mọ̀, ọwọ́ ti pọ̀ lókè. Ẹ ronú bí iye mọ́tò tó ń gbé èèyàn kiri ìlú pẹ̀lú láílọ́ọ̀nù lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ṣe pọ̀ tó, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí a máa rí wọn.

Àmínà bọ́ síwájú. Ó fi Twi sọ ọ́ fún wọn, ó sì fi Yorùbá tirẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Ó ní ohun tó ti jáde, àwọn kò lè kó o padà. Àmọ́ èrò kò nílò kó mọ mọ́tò ta ló ń bọ̀. Kó ṣáà mọ̀ pé mọ́tò ń bọ̀ ti tó. Òun ti bá àwọn tó ń tú ìròyìn náà síta sọ ọ́, wọ́n sì ti gbà: láràárọ̀ ni nọ́ńbà tí áàpù fi ń dá mọ́tò kọ̀ọ̀kan mọ̀ yóò máa yí padà, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè tọ ipasẹ̀ awakọ̀ kan ṣoṣo mọ́.

Mo ní, "Ta ni yóò máa ṣọ́ wọn pé wọ́n ń yí i?"

Ó ní, "Ẹ̀yin náà, Àǹtí. Ó ṣí sílẹ̀. Ẹ lè máa wò ó lójoojúmọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, bí kò tilẹ̀ wọ̀ mí tán. Mo wá sọ tèmi: kí n fi súwíìṣì sí àpótí kọ̀ọ̀kan, níbi tí ọwọ́ awakọ̀ yóò ti tó o. Tó bá ń ṣiṣẹ́, kó tàn án. Tó bá fẹ́ sùn, tó ń jẹun, tó ń lọ sílé, kó pa á. Kò sí gígé mọ́, kò sí láílọ́ọ̀nù. Àwọn kan lára àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà tó bá Àmínà wá ní èyí yóò ba iṣẹ́ àwọn jẹ́. Àmínà ló dá wọn lóhùn, ó ní iṣẹ́ tí iná bá jó ti bàjẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ bẹ ẹni tó ni mọ́tò, ó tún mọ́tò náà ṣe, ó sì fi Yàkúbù sílẹ̀ sídìí iṣẹ́. Kò gbójú sókè nígbà tó sọ pé òun gbà.

Súwíìṣì wọ̀nyẹn ni iṣẹ́ tí mo fi parí iṣẹ́. Àwọn awakọ̀ padà sórí bẹ́ǹṣì mi, wọ́n ń pè mí ní Màmá Wáyà bí ẹni pé wọn kò pè mí ní nǹkan mìíràn rí. Mo dá wọn lóhùn. Mi ò gbàgbé.

Àwọn baba wa ní, pańsá kò fura, pańsá já síná. Àjà kò fura, àjà jìn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ ti wáyà, àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ ti kọ̀ǹpútà bíi ti Àmínà, ọ̀kan náà ni mo kà yín sí. Ẹ ṣe iṣẹ́ yín kó dára. Nígbà tó bá dára tán, ẹ bi ara yín pé ta ni yóò kọ́kọ́ bà á jẹ́, kí ẹ sì lọ jókòó ti ẹni náà kí ẹ tó so wáyà kankan.

Mo ti ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́ nígbà tí ẹni tó ni mọ́tò Yàkúbù yà sọ́dọ̀ mi. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè àwọn ọmọ. Ó wá yọ àpótí kan látinú àpò rẹ̀, tó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ní òun rà á fúnra òun. Ó fẹ́ kí n fi í pamọ́ sínú mọ́tò Yàkúbù, síbi tí súwíìṣì kò ti ní lè pa á.

Mo ní, "Rárá o."

Ó rẹ́rìn-ín. "Yoo. Kò burú, Màmá." Ó dá àpótí náà padà sápò, ó sì gba ọ̀nà inú ọjà lọ. Abossey Okai kò ṣófo rí. Oníwáyà pọ̀ níbẹ̀ ju wáyà lọ.

Mo pe Yàkúbù lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Ní gbogbo òwúrọ̀, kí o tó jáde, tú abẹ́ síìtì rẹ wò. Tú ẹ̀yìn rédíò náà wò."

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó fi pè mí padà. "Màmá, mo ti rí i. Ẹ̀yìn rédíò ló wà."

"O ti yọ ọ́?"

"Rárá," ó ní. "Tí mo bá yọ ọ́, yóò fi òmíràn síbi tí mi ò mọ̀."